Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN TÍ Ó DI IPÒ MÚ LẸ́NU IṢẸ́

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ìwà àti ìrònú ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wa gbà pé ọ̀gá tòótọ́ kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ti sọ ọ́, ó parí nìyẹn! Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ lè yí èrò padà nígbà tí ohun tí ó rí bá yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yí i padà nítorí pé ẹni ńlá jágbe mọ́ ọn.

Ẹ wo Dókítà Stella Ameyo Adadevoh. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje 2014, Patrick Sawyer, ọkùnrin kan láti Làìbéríà, fi àìsàn sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Àwọn dókítà ìjọba ń daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Obáléńdé ni wọ́n gbé e lọ. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ta ni yóò jiyàn? Ta ni ibà kì í ṣe nínú wa? Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà Adadevoh yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ju ibà lọ. Ó bi í léèrè nípa Ebola tí ń jà nílùú rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun kò súnmọ́ ẹni tó ní i. Dókítà yìí kò tíì tọ́jú Ebola rí, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Àwọn aṣojú Làìbéríà ní kó tú u sílẹ̀, kó lè lọ sí ìpàdé ní Kàlàbá. Wọ́n ní ó ń fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: bó bá jẹ́ pé dókítà ló ṣì í, ẹnì kan pàdánù ìpàdé. Bó bá wá tú u sílẹ̀, tó sì jẹ́ Ebola ńkọ́? Ebola náà ni. Sawyer kú ní ọjọ́ 25. Dókítà Adadevoh kó o lára rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ènìyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú. Ní Làìbéríà, àwọn tó kú lé ní 4,800.

Ẹnì kan lè ní dókítà Èkó nìyẹn, kí ló kàn wá? Ó kàn wá o. Ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ síwèé kíákíá, àwakọ̀ tí ọlọ́jà ní kó ru ẹrù tó ju agbára ọkọ̀ gun òkè Ọ̀kà: ìbéèrè kan náà ni. Kí ni a rí tó fi dá wa lójú? Bí a bá ṣì í, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Lóòótọ́, a kì í sọ lójú àgbà pé ó ṣìnà. Ṣùgbọ́n a lè ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká tún un kà.”

Àwa tí à ń kọ èyí náà ti jẹ̀bi. Nínú ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ kan tí a wà rí, alága ní owó ọwọ́ wa yóò tó o. A ti ṣírò tiwa sínú ìwé kékeré, a mọ̀ pé kò lè tó. Bàbá ni wọ́n jẹ́ sí wa, a dákẹ́. Ògiri náà ga dé ojú fèrèsé. Koríko ló kún inú rẹ̀ báyìí.