Bí Afẹ́fẹ́ Bá Tán nínú Ọkọ̀ Òfurufú

Púpọ̀ nínú àwọn òbí ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè àti Igbótako, ni ó ń gba Èkó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wo ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ́nù tàbí Amẹ́ríkà. Kí ọkọ̀ tó gbéra, òṣìṣẹ́ kan a dìde, a sì fi ìlò ìbòmú han èrò. A kíyèsí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ó. Nítorí náà ni a ṣe mú ọ̀ràn yìí ní ẹ̀kọ́ oṣù yìí, kí àwọn olùkọ́ pẹ̀lú lè fi kọ́ ọmọ.

Ọkọ̀ ńlá a máa fò ní nǹkan bí 35,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju èyí tí ènìyàn lè mí lọ. Nítorí èyí ni ẹ̀rọ ṣe ń ti afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀, bí a ti í fi páǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, tí ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìn ọkọ̀ sì ń tú díẹ̀ jáde. Bí ara ọkọ̀ bá ya, tàbí bí ilẹ̀kùn náà kò bá padé bí ó ti yẹ, afẹ́fẹ́ yóò sá lọ.

Èyí tí ó burú jù ni pé ẹni tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí lè má mọ̀. Kì í dunni. Orí a fúyẹ́, inú ẹlòmíràn tilẹ̀ ń dùn. Ní 35,000 ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 péré ni òye fi ń bẹ lára ènìyàn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2005, ọkọ̀ Helios kan gbéra ní erékùṣù Kípírù, ó ń lọ sí Aténì. Àwọn tí ó yẹ ọkọ̀ náà wò lóru ti yí bọ́tìnì afẹ́fẹ́ rẹ̀ kúrò ní ipò tí í fi í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn atukọ̀ kò rí i. Nígbà tí ìkìlọ̀ dún, wọ́n rò pé ti nǹkan mìíràn ni, títí wọ́n fi dákú. Ọkọ̀ náà ń fò lọ fúnra rẹ̀ títí epo fi tán, ó sì já lu òkè. Gbogbo ènìyàn 121 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú.

Bí ìbòmú bá já sílẹ̀ lókè orí yín, ẹ fà á wálẹ̀ gidigidi, nítorí fífà náà ni ó ń mú kí ó ṣiṣẹ́. Ẹ fi bo imú àti ẹnu, kí ẹ sì máa mí. Àpò rẹ̀ lè má wú. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ síbẹ̀. Ti ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, kí ẹ tó wọ ti ọmọ. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò korò létí ìyá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dákú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìyá tí ó ń mí yóò wọ ìbòmú fún un, yóò sì jí. Bí ìyá bá dákú níbi tí ó ti ń bá ọmọ tí ń sunkún jà, ta ni yóò wọ̀ ọ́ fún àwọn méjèèjì?

Lẹ́yìn èyí ọkọ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ kíákíá. Kì í ṣe pé ó ń jábọ́: atukọ̀ ni ó ń wá 10,000 ẹsẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè mí láìsí ìbòmú. Afẹ́fẹ́ inú ìbòmú tó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12, ìyẹn sì tó fún ìsọ̀kalẹ̀ náà.

Nígbà mìíràn àìsí afẹ́fẹ́ jẹ́ àmì àrùn mìíràn. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1991, ọkọ̀ ará Kánádà tí Nigeria Airways ń lò gbéra ní Jéddà, ó ń kó àwọn arìnrìn-àjò Mẹ́kà bọ̀ wá sí Sókótó. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ti bẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, iná sì ti ràn. Ṣùgbọ́n ìṣòro afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ wà lára ohun tí àwọn atukọ̀ kọ́kọ́ rí. Wọ́n yípadà, wọn kò dé ilẹ̀. Ènìyàn 261 ni ó kú. Nítorí náà, èrò tí ó bá gbóòórùn èéfín, kí ó pe òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.