Dídùn Èdè Kọ̀ǹpútà Kọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń jiyàn. Bí èdè tuntun bá ti jáde, ariwo á ta: èyí yá ju tàná lọ, èyí rọrùn láti kọ. Iyàn yẹn ò burú, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ta ni èdè yìí máa tú sílẹ̀, ta ló sì máa gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká yẹ Java wò. Ní 1995 ni ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà gbé e jáde. James Gosling ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Kó tó dé, báńkì tó bá kọ ètò rẹ̀ fún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan ti so ara rẹ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Bí ilé-iṣẹ́ yẹn bá fowó lé ọjà, kò rọrùn fún báńkì náà láti kó kúrò, torí ó lè ní láti tún ètò náà kọ. Java tú okùn yẹn. Ohun tẹ́ ẹ bá fi Java kọ máa ń kọ́kọ́ di bytecode, JVM tó wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á wá túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ètò kan náà á ṣiṣẹ́ lórí Windows, á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ Sun, á sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ńlá IBM.

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Microsoft gba àṣẹ láti lo Java, ó sì fi ohun tó jẹ́ ti Windows nìkan kún un; ètò tó bá lo ohun náà kò ní ṣiṣẹ́ níbòmíì mọ́. Sun pè é lẹ́jọ́ ní 1997. Nígbà tí wọ́n fi máa parí ọ̀rọ̀ náà ní 2001, tí Microsoft san 20 mílíọ̀nù dọ́là, Microsoft ti kéde C#, èdè tiẹ̀.

Ṣé Sun wá jèrè tó? IBM fi Java ṣe ètò WebSphere, ó ń tà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Sun ní tiẹ̀, ẹ̀rọ ló ń tà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ètò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo lè ra ẹ̀rọ tó rọjú. Oracle ra Sun tán ní 2010. Lọ́dún yẹn kan náà, ó pe Google lẹ́jọ́ nítorí Java inú Android. Ìlà kóòdù bí 11,500 ni wọ́n fà títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tó dá Google láre ní 2021. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó dá èdè sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ wo èdè Kotlin náà, tí Google gbà fún Android ní 2017. Fáìlì Kotlin àti ti Java lè wà nínú iṣẹ́ kan náà, kí wọ́n máa pe ara wọn. Ilé-iṣẹ́ á fi fáìlì kan bẹ̀rẹ̀, kò ní da ti àtijọ́ nù. JetBrains tó ṣe Kotlin kì í gbowó lórí èdè náà. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ló ń tà.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbé èdè tuntun fún oníbàárà, ẹ ka ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ wádìí ẹni tó ni ín, àti ibi tówó ti ń wọlé fún un. Ẹ wò ó bóyá ó lè bá ohun tó wà nílẹ̀ gbé. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì lọ́la, ṣé ọ̀nà àbájáde wà? Bẹ́ ẹ bá yan èdè nítorí dídùn nìkan, ẹ̀yin lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ síbòmíì; oníbàárà ló máa kù sínú okùn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó fọkàn tán yín.