Ọkàn Àwọn Àgbà Wa

“Ogbó ló dé.” Ohun tí a máa ń sọ nìyẹn bí ìyá àgbà bá ń mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó ti ilé ìdáná dé pálọ̀. Ó lè má jẹ́ ogbó. Ó lè jẹ́ pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn wọn ló ń dí.

Ọkàn ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́, òun náà sì gbọ́dọ̀ jẹun. Iṣan méjì pàtàkì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un. Ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ inú wọn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti sìgá máa ń mú kí ó yá.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àrùn yìí máa ń sọ pé àyà ń fún àwọn. Àgbàlagbà lè má sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ àárẹ̀ lásán, èébì, òógùn tútù, tàbí kí wọ́n dákú. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lè ṣàdédé dàrú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè má mọ ìrora kankan lára. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lójijì, ẹ má fi róòbù pa àyà wọn, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Dókítà lè fún wọn ní ásípírìnì kékeré kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, àti oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Òmíràn wà tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n. Kí wọ́n jókòó kí wọ́n tó lò ó, nítorí òyì lè gbé wọn ṣubú. Ásípírìnì lè mú kí inú àgbàlagbà máa ṣẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ má dá a rà fún wọn. Gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, títí kan àgbo, ni kí ẹ kó lọ han dókítà.

Ní 1977, ní Zurich, Switzerland, dókítà Andreas Gruentzig fi ohun kékeré kan bíi bàlúùnù tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ la iṣan ọkàn tó dí. Lónìí, wọ́n máa ń gba ọrùn ọwọ́ tàbí orí itan wọlé, wọ́n á sì fi àwọ̀n irin róbótó síbẹ̀ kí ọ̀nà má padé mọ́. Iṣẹ́ abẹ náà wà: wọ́n lè mú iṣan láti ẹsẹ̀ la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀, bí dókítà René Favaloro ṣe ṣe é ní Cleveland, Amẹ́ríkà, ní 1967.

Ọjọ́ orí nìkan kò tó láti sọ pé kò sí ìtọ́jú mọ́. Dókítà á wo kíndìnrín, agbára ara àti ìrántí wọn. Ẹ jẹ́ kí ó bi àgbà náà fúnra wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn wọn.