Àpótí Ìmọ̀: Wíwá Àbùkù Láptọ́ọ̀pù Tó Jábọ́

Wíwá àbùkù ni yíyẹ ẹ̀yà ẹ̀rọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi mọ èyí tó bàjẹ́. Iná ló ṣáájú, ojú ẹ̀rọ tẹ̀ lé e, dísìkì ló kẹ́yìn.

Àpẹẹrẹ: Láptọ́ọ̀pù ilé kan jábọ́ láti orí tábìlì. Iná rẹ̀ ń tàn, fáànù rẹ̀ ń dún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. A fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí àwòrán bá hàn níbẹ̀, ojú láptọ́ọ̀pù tàbí wáyà rẹ̀ ló bàjẹ́. A lè da àwọn fáìlì kọ kí a tó gbé e lọ fún àtúnṣe.

Àkíyèsí: Bí dísìkì tó ń yí bá ń dún kẹ́kẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Orí tó ń ka dísìkì lè máa họ ojú rẹ̀, fáìlì sì lè parẹ́ pátápátá.