ILÉ ỌLỌ́RUN LÓRÍ ÀPÁTA, LÓRÍ OMI ÀTI LÓRÍ YANRÌN

Ibi kíkà: Mátíù 7:24–27, Lúùkù 6:48–49

Gbogbo àwa tí à ń gbé láti Lẹ́kí dé Ajah mọ̀ pé orí yanrìn la wà. Ọ̀sà ń bẹ lápá kan, òkun ń bẹ lápá kejì. Béèyàn bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, omi ló máa bá. Nítorí náà, òwe Jésù nípa ẹni tó kọ́lé sórí yanrìn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nísinsìnyí tí a sì ń múra àtikọ́ ilé ìsìn tuntun, tí àwọn kan nínú wa ń fẹ́ ilé agogo gíga, ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn ẹlòmíràn ti kọ́ tiwọn.

1. LÓRÍ ÀPÁTA. Ní Lalibela, ní ilẹ̀ Etiópíà, ilé ìjọsìn 11 wà tí wọn kò fi òkúta kan lé èkejì. Inú àpáta ni wọ́n ti gbẹ́ wọn láti òkè wá sísàlẹ̀, ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n fi sọrí Jọ́ọ̀jì Mímọ́ rí bí àgbélébùú. Ẹ kò lè rí i lókèèrè, àfi bí ẹ bá dé etí kòtò rẹ̀. Aṣọ funfun ni àwọn olùjọsìn ibẹ̀ ń wọ̀, wọ́n a sì bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé. Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n fi ń bú Aládùúrà ti wà ní Áfíríkà tipẹ́!
Ẹ̀kọ́: Gíga kọ́ ló ń sọ ilé di mímọ́.

2. NÍ ÌLÚ ÈKÓ. Ní 1925, ọdún tí Ẹgbẹ́ Séráfù bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lábẹ́ Mósè Orímọládé, ni Ọmọ Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ Kàtídírà ti Kristi lélẹ̀ ní Marina. Ó di 1946 kí wọ́n tó parí rẹ̀.
Ẹ̀kọ́: Ẹni tó dáwó lè má jókòó níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ á jókòó.

3. LÓRÍ OMI. Ní 1947, àwọn Aládùúrà tẹ Aiyétòrò dó ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Orí òpó igi ni wọ́n kọ́lé sí, pákó sì ni ọ̀nà wọn. Àmọ́ òkun ti gba púpọ̀ nínú ìlú náà, wọ́n sì ti ní láti ṣí ilé ìjọsìn wọn sẹ́yìn. Síbẹ̀ wọn ò dákẹ́ orin.
Ẹ̀kọ́: Ilé lè ṣí nípò, ìjọ ni kò gbọdọ̀ tú.

4. LÓRÍ YANRÌN. Àwa ńkọ́? Etí òkun ni ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa nínú ìgbàgbọ́ ti kúnlẹ̀ gbàdúrà, imọ̀ ọ̀pẹ ni ògiri wọn, ojú ọ̀run ni òrùlé. Ọlọ́run gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọ́ ilé alámọ̀, ká rántí ohun tí Lúùkù sọ nípa ọlọ́gbọ́n ọkùnrin yẹn: ó walẹ̀ jìn. Kí ẹnjiníà kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò. Bí ó bá ní ká gbá òpó kọnkéré wọlẹ̀ títí yóò fi kan ibi líle, ká gbà. Kí ilẹ̀ ilé ga ju ibi tí àgbàrá ń dé lọ, kí gọ́tà sì ṣáájú ọ̀dà. Ilé agogo gíga lórí ilẹ̀ rírọ̀, ẹrù ni. Àwa tí a kì í wọ bàtà wọlé, ẹsẹ̀ wa ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí omi bá wọ ilé Olúwa lóṣù Òkúdù.

Òótọ́ ni pé owó tó bá wọ inú ilẹ̀ kò ṣeé ya fọ́tò sínú ìwé àjọ̀dún. Ẹnikẹ́ni kò ní rí i kí ó yìn wá. Ṣùgbọ́n òun ni yóò gbé àwọn ọmọ wa ró. Ẹ̀yin ará, bí a bá gbé àpótí ìkọ́lé kọjá lónìí, ìpìlẹ̀ ni kẹ́ ẹ dáwó fún.

Kí Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà etí òkun fi ẹsẹ̀ ilé yìí múlẹ̀. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ