Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run: Ìmọ̀ràn fún Arìnrìn-àjò Tó Ń Ṣọ́ Oúnjẹ Jẹ

Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó ń dín oúnjẹ afáralókun kù, ìbáà jẹ́ nítorí àtọ̀gbẹ, ìbáà jẹ́ nítorí ara tó ń tóbi jù, kò gbọdọ̀ fi òwe yìí ṣeré lọ́jọ́ ìrìn-àjò. Ní Olódò, n'Ìbàdàn níbí, ó mọ iye òkèlè tó ń jẹ, ó sì mọ bó ṣe ń fi ẹ̀fọ́ kún àwo. Lójú títì, ohun tí wọ́n bá gbé wá ló kù fún un.

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì Iwo Road, búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò tútù á ti dé ojú fèrèsé. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ifẹ̀, dòdò Ìkirè ń dúró dè yín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n rọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Gaarí tí ọ̀pọ̀ wa ń dì sínú àpò ńkọ́? Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, ó lé ní 80 tó jẹ́ afáralókun. Ti búrẹ́dì tó bíi 50. Ti ẹyin sísè kò ju nǹkan bí 1 lọ.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ jẹun kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ se ẹyin bíi mẹ́ta, ẹ má sì bó o títí ẹ ó fi fẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ di ẹja yíyan tó gbẹ dáadáa, ẹ̀pà, àgbọn, kùkúńbà, àti àsálà bó bá jẹ́ ìgbà rẹ̀. Ẹ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ nílé, torí ooru ọkọ̀ tètè ń bà á jẹ́. Ẹ má gbàgbé omi.

Bí ti inú àpò bá tán, ẹ fara balẹ̀ yan tọ̀nà. Wàrà wọ́pọ̀ lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, afáralókun inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Mọ́ínmọ́ín ní tirẹ̀, àmọ́ kì í yára gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè bíi búrẹ́dì. Bí ẹ bá yà sí bùkà, ẹ má tijú: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja, ẹ má fi àmàlà sí i.” Ẹ má sì sọ pé ẹ kàn fẹ́ tọ́ dòdò wò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ìfura loògùn àgbà. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí tó ń lo oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ kù láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kó fi horo ṣúgà sápò. Bí ṣúgà bá wálẹ̀ jù, tí ara ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò ó, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, kó jẹ horo mẹ́ta tàbí mẹ́rin kíá, kó sinmi fún ìṣẹ́jú 15, kó tún ara yẹ̀ wò. Ẹ̀mí ṣáájú ìpinnu.

Níkẹyìn, ẹ pe àwọn tó ń retí yín kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá gúnlẹ̀ tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀, iyán ti wà nínú odó, kíkọ̀ ọ́ á sì dà bí ìwọ̀sí. Ẹ sọ ohun tí ẹ lè jẹ fún wọn láìfi bò. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.