Ìṣirò Ẹrù Ilé: Ohun tí Òpó Kan Ń Gbé

Ní Ààfin Ọlọ́wọ̀, ògiri amọ̀ tí ó nípọn ni a fi kọ́ àwọn àgbàlá tí a ń pè ní ugha. Ilé alájà òde òní yàtọ̀: òpó kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń gbé e. Nítorí náà, kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, a gbọ́dọ̀ ṣírò ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan yóò gbé.

Oríṣi méjì ni ẹrù ilé. Ẹrù adúró ni ìwọ̀n ilé fúnra rẹ̀: kọnkéré, búlọ́ọ̀kù, pílásítà. Ẹrù àlọ-àbọ̀ ni ti ènìyàn, àga àti ohunkóhun tí ó lè wọlé kí ó sì jáde. A kò yan "òkú ẹrù" fún ti àkọ́kọ́. A máa ń gbé òkú kúrò nílé, ṣùgbọ́n ẹrù yìí kò ní kúrò títí ilé yóò fi wó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ alájà kan ní Ọ̀wọ̀, tí òpó rẹ̀ fi mítà 4 jìnnà síra níbùú lóròó. Òpó àárín yóò gbé 4 × 4, èyí ni mítà onígun mẹ́rin 16.

(i) Kọnkéré onírin tí ó jẹ́ mítà 1 níbùú, lóròó àti ní gíga wọn kN 24. Bí àjà bá nípọn ní mítà 0.15, 0.15 × 24 = 3.6. Pílásítà àti ìtẹ́lẹ̀ fi 1.2 kún un: 4.8.

(ii) Ẹrù àlọ-àbọ̀ fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ kN 3.0, bí ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì 6 lórí mítà onígun mẹ́rin kan.

(iii) A ó fi òǹkà ààbò inú BS 8110 (1985), 1.4 àti 1.6, sọ wọ́n di púpọ̀ kí a lè rí ẹrù ìṣètò: (1.4 × 4.8) + (1.6 × 3.0) = 11.52.

(iv) 11.52 × 16 = kN 184.32 fún àjà kọ̀ọ̀kan, láìka òrùlé, ìtì àti òpó fúnra rẹ̀.

Àjà 2 yóò di 368.64. Bí onílé bá fi ẹ̀kẹta lé e lẹ́yìn náà, yóò di 552.96, òpó ìsàlẹ̀ kò sì tóbi sí i. Òkè ni a kọ́ kún. Ìsàlẹ̀ ni ó ń jìyà rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò alájà kan wó ní Ìkòtún, Èkó. Ènìyàn 116 kú. Ní ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ tí ó wádìí ikú wọn sọ pé àbùkù inú ìkọ́lé náà ni ó fà á.

Ìdánrawò: Bí òpó bá fi mítà 5 jìnnà síra ńkọ́? Ìdáhùn: kN 288 fún àjà kọ̀ọ̀kan.